Èèwọ̀ Ilé Ta Ni?

"Ya ẹnu dáadáa, ìyá mi."

Ràódàt ya ẹnu. Hussein ti ṣa eegun inú ẹja náà lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ó tún fi ìka tẹ èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ wò kó tó fi í sí ọmọ náà lẹ́nu. Ẹja àrọ̀ ni, ó fi ata díẹ̀ àti iyọ̀ sè é fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin náà ń jẹ ẹ́, ó ń mi ẹsẹ̀ lórí àpótí, inú rẹ̀ ń dùn. Bàbá rẹ̀ kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ rí. Kò sí bàbá tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lágboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, iṣẹ́ ìyá ni. Ìyá rẹ̀ sì ti lọ sí ọjà láti àárọ̀.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn. Ẹ fún mi sí i."

Ó fún un sí i. Nígbà tí ẹja tán, ó fọ ọwọ́, ó gbé àpótí tirẹ̀ súnmọ́ ti ọmọ náà, ó sì ń wo apá rẹ̀.

Ìdánwò ni Hussein ń ṣe. Iṣẹ́ rédíò ló ń ṣe jẹun, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí rédíò bá ń hó, kì í bá a jà, kì í gbá a lórí bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe. Á yọ nǹkan kékeré kan kúrò nínú rẹ̀, á tan án, á tẹ́tí sí i. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, á dá a padà, á yọ òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni rédíò máa fi jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀bùn rere ni. Ó kàn ṣe ni láàánú pé lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ̀ ló gbé ka orí tábìlì.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ara Ràódàt ti ń dà wọ́n láàmú. Ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ àti kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á dédé pọ́n, á lé ròrò, awọ á bó, omi á máa sun níbẹ̀. Aṣọ kò gbọ́dọ̀ kan án. Bí oorun bá ń kùn ún, Raliat, ìyá rẹ̀, á bọ́ bùbá ara rẹ̀, á gbé ọmọ náà lé àyà. Bó bá tó àkókò láti gbé e kúrò, awọ ọmọ á ti lẹ̀ mọ́ awọ ìyá, igbe tí ọmọ náà sì máa ń ké nígbà náà, àwọn tó wà lójúde máa ń gbọ́ ọ.

Ibi tí wọ́n gbé e dé kò kéré. Dókítà àkọ́kọ́ ní ooru ni. Èkejì ní kòkòrò ni, wọ́n fi oògùn aláwọ̀ aró kùn ún títí ó fi dà bí ẹni tó jábọ́ sínú ìkòkò aláró. Ẹ̀kẹta ló sọ òtítọ́, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Àáfà fún wọn ní hàntú, Ràódàt mu nínú rẹ̀, wọ́n fi ìyókù wẹ̀ ẹ́. Wọ́n lo àdí, wọ́n lo ọṣẹ dúdú, wọ́n se ewé. Bó bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹrin á tún dé.

Ìyá Hussein, Mọ̀ríámọ̀, ló fi ọ̀rọ̀ náà sí i létí.

"Hussein, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i tí ọmọ yìí jẹ ẹja àrọ̀, tí ara rẹ̀ wá bó."

"Ẹja àrọ̀ kẹ̀, Ìyá? Ṣebí gbogbo wa la jọ ń jẹ ẹ́."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Àwa ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe èèwọ̀ ilé wa." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyàwó ilé ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀, etí wọn kò sì di. "Ilé kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní bí ọmọ wọn bá fi ẹnu kàn án, ara rẹ̀ á bó. O mọ ilé tí mò ń wí."

Hussein mọ̀ ọ́n. Ilé Adéríbigbé ni. Adéríbigbé ni awakọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá fẹ́ Raliat kí Hussein tó dé. Ó ṣì máa ń kó èrò wá sí Ọ̀yọ́, bó bá sì pàdé Raliat lọ́jà, wọn a kí ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Hussein kò ka ìkíni yẹn sí nǹkan kan rí.

Kò sí ẹni tó dàgbà lágboolé náà tí kò gbọ́ ọ rí: ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ ìdílé rẹ̀, ara rẹ̀ ló máa fi sọ. Wọ́n ní èèwọ̀ a máa tọ ẹ̀jẹ̀ lọ, ibi yòówù kí wọ́n gbé ọmọ pamọ́ sí. Hussein bínú sí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi gbé e kiri. Ní ọjọ́ kejìlá ó ra ẹja.

Lẹ́yìn ìrun àìlà ló fún ọmọ náà jẹ. Kí wọ́n tó pe ìrun àlàásárì, ara Ràódàt ti gbiná. Ọrùn rẹ̀ tí kò ṣe tẹ́lẹ̀ pàápàá pọ́n wẹ̀. Ọmọ náà kọ́kọ́ ń ha ara, nígbà tó yá kò lè ha á mọ́, ó kàn na apá méjèèjì síwájú, ó ń pe ìyá rẹ̀. Hussein ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ń fẹ́ ẹ, ó sì ń wò ó, nínú ọkàn rẹ̀ ó ń sọ pé, ó ti jẹ́wọ́.

Ó ti rí i pé láti òwúrọ̀ lọmọ náà ti ń ha ẹ̀yìn orúnkún, kí ẹja kankan tó dé ilé. Kò kà á sí. Kò bi ara rẹ̀ léèrè iye ọjọ́ tí ara náà ti bó tó jẹ́ pé ẹ̀kọ lásán ni ọmọ jẹ. Ká ní rédíò oníbàárà ni, kò ní fi ìdánwò kan ṣoṣo sọ fún oníbàárà pé òun ti rí i. Oníbàárà kò ní gbà fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni kò lè bá a jiyàn.

Raliat gbọ́ igbe láti ìta. Ó ju agbọ̀n sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó gbé ọmọ. Ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀.

"Ẹja ni mò ń gbóòórùn ẹ̀ yìí. Ta ló fún un lẹ́ja?"

"Bàbá mi ni," Ràódàt sọ láàárín ẹkún.

Raliat yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ràódàt, ìyá yín ń pariwo ẹja kiri láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀yin náà wá fún un?"

"Mo fẹ́ rí i ni."

"Kí lẹ fẹ́ rí?"

"Èèwọ̀ ilé ta ni ẹja àrọ̀, Raliat?"

Kò yé e lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó yé e, kò pariwo, bẹ́ẹ̀ ì bá sàn kó pariwo, torí pé àwọn aládùúgbò ì bá wá làjà. Ó kàn ń mi ọmọ náà díẹ̀díẹ̀ lórí èjìká rẹ̀, ó ń wo Hussein bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ fi iná sí ọmọ lára," ló wí, "kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá tiyín ni."

"Dá mi lóhùn."

"Mi ò ní í dá yín lóhùn." Ó wọ inú yàrá, ó rẹ aṣọ funfun kan sínú omi, ó fi wé ọmọ náà. "Irú ìbéèrè yẹn, bí mo bá dá yín lóhùn lónìí, ẹ ó tún bi mí lọ́la."

Hussein ní kó kó ẹrù rẹ̀ nígbà náà. Raliat ti kó o kó tó sọ ọ́ tán. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ọjọ́ náà ló wọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ọmọ náà wà láyà rẹ̀ nínú aṣọ tútù.

Nígbà tí àwọn ìyàwó ilé padà dé láti ọjà, tí wọ́n ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, Hussein sọ fún wọn pé ìkòkò Raliat ni Ràódàt ti rí ẹja jẹ, pé ara rẹ̀ ti sọ ilé tó ti wá. Ìyá Kareem, tó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé, mi orí. Ó ní, "Ọkọ mi, pẹ̀lẹ́. Obìnrin ò ṣeé mọ̀." Mọ̀ríámọ̀ ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 1988 nìyẹn.

Iléyá dé láàárín òjò. Hussein pa àgbò, ó sun un, kò sí ọmọ tó ń bá a du ẹ̀dọ̀. Ní ọjọ́ kejì ọdún, Bàbá Àjàní wọ̀lú láti abà. Àbúrò bàbá Hussein tó ti kú ni, arúgbó ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń wá. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Hussein, ó ń wo àwọn rédíò tí wọ́n tú ká bí ẹni tó ń wo adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ rẹ dà? Ẹran tirẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

"Ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀."

"Wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá. Kí ló ń ṣe é gan-an?"

Hussein ń fi súkúrúdíráfà tẹ eruku lórí tábìlì. Nígbà tó yá ó sọ ọ́: ẹ̀yìn orúnkún, kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, awọ tó ń bó, omi tó ń sun. Kò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ẹja tí Bàbá Àjàní fi bú sẹ́rìn-ín.

"Ó mà ga o. Bí tìrẹ gẹ́lẹ́."

"Bí ti ta ni, Bàbá?"

"Bí ti ìwọ Hussein. Ṣé o ò rántí ni? Wàá ti kéré. Ìyá rẹ ń ṣòwò lókè Ọya nígbà náà, ìyá wa Oyèrónkẹ́, ìyá bàbá rẹ, ló ń tọ́ ọ lábà. Haa, o fojú wa rí nǹkan! A kì í wọ̀ ọ́ láṣọ. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ la fi ń tẹ́ ẹní rẹ, èmi ni mo ń lọ já a láràárọ̀. Bí a bá fẹ́ gbé ọ dìde, ewé náà á bá ọ dìde."

Hussein gbé súkúrúdíráfà sílẹ̀.

"Oògùn wo lẹ lò?"

"Kò sóògùn. Ọjọ́ kan la rí i pé kò wá mọ́. O ti ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́rin."

"Ẹja ńkọ́?"

"Ẹja wo? Níbo la ti fẹ́ rí ẹja ní abà wa? Ẹ̀gẹ́ lo jẹ dàgbà."

"Bàbá, wọ́n ní omi gbígbóná ló dà sí mi. Àpá tó wà lẹ́yìn orúnkún mi, ìyá mi sọ pé omi gbígbóná ni."

"Ìyá rẹ ò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un nígbà tó dé nìyẹn. Ìyá wa ní bí a bá sọ òótọ́, á ní a ò tọ́jú ọmọ òun dáadáa, á gbé ọ lọ. A bá ní omi ni." Arúgbó náà wo ojú Hussein. "Kí ló dé? Èwo ni tẹkún? Kì í pa ọmọ. Ṣebí ìwọ lo jókòó síbí yìí."

Báwo ni Hussein yóò ṣe sọ ọ́? Pé ohun tí òun fi lé ọmọ jáde pé kì í ṣe tòun, ohun kan ṣoṣo tí ọmọ náà jogún lọ́dọ̀ òun nìyẹn? Nígbà tí arúgbó náà lọ, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sínú òkùnkùn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo rédíò oníbàárà, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀, wọn ò kàn sọ bí ó ṣe máa ń wúwo tó.

Ní ọjọ́ kejì ó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ra búrẹ́dì kan lọ́nà, torí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè gbé dání.

Ìsọ̀ òwú àti bọ́tìnnì ni ìyá Raliat ní, lẹ́bàá Ọjà Igbó, ibẹ̀ ni Raliat wà. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ bó ti yẹ, ó gbé àga fún un, ó sì padà sídìí òwú tó ń ká. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ aṣọ tútù lé, Ràódàt ń sùn. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ pọ́n.

Hussein sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti Bàbá Àjàní, ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ti irọ́ omi gbígbóná. Ó ká ṣòkòtò sókè kó fi àpá náà hàn án. Raliat kò wo àpá náà.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ṣé ẹ ti gbàgbé pé èmi nìyàwó yín ni? Àpá tó wà lára Ràódàt báyìí, ó jọ ọ́. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bi mí léèrè. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ pé àpá ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́, kẹ́ ẹ má gbà mí gbọ́ mọ́."

"Raliat, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ ọmọ mi."

"Kò jẹ ẹja láti ọjọ́ náà. Oṣù kẹrin rèé. Ara rẹ̀ ṣì ń bó." Ó já òwú. "Dókítà kan wò ó níbí. Ó ní òun ò lè sọ pé báyìí lorúkọ ẹ̀, pé ká máa fi aṣọ tútù wé e, ká má jẹ́ kí ooru mú un, pé ó lè dàgbà kúrò nínú ẹ̀. Ohun tá a mọ̀ nìyẹn."

"Jẹ́ ká jọ padà lọ sílé."

"Ilé wo? Ilé tí wọ́n ti ń pe ọmọ mi ní ọmọ Adéríbigbé?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Ẹnìkan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá. Ó ní òun gbọ́ pé èmi ni mo se ẹja fún un. Èmi, Bàbá Ràódàt?"

Hussein dorí kodò.

"Ẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ wá bẹ̀ níbí, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibí lẹ ti bà mí jẹ́. Ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Lójú gbogbo ìyàwó ilé."

"Ìyá mi ńkọ́? Wọ́n ti dàgbà, Raliat. Ojú á tì wọ́n."

"Èmi náà ní ìyá," ni Raliat wí, ó sì ń ká òwú rẹ̀ lọ.

Ràódàt ti jí. Ó jókòó lórí ẹní, ó ń wo bàbá rẹ̀, kò súnmọ́ ọn. Hussein tú búrẹ́dì náà, ó bu díẹ̀, ó nà án sí i. Ọmọ náà gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí wọ́n ti kọ́ ọ. Kò jẹ ẹ́.

"Ṣé ẹja wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí, ìyá mi. Búrẹ́dì lásán ni."

Ọmọ náà wo búrẹ́dì náà díẹ̀. Ó wá gbé e fún ìyá rẹ̀ kó bá òun ya á wò. Raliat ya á sí méjì, ó fi inú rẹ̀ hàn án, ó tún fúnra rẹ̀ jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà náà ni Ràódàt tó jẹ ẹ́. Hussein dìde, ó ní òun á máa lọ kí ọkọ̀ má bàa tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun tí Bàbá Àjàní sọ àti ohun tí òun fẹ́ ṣe. Mọ̀ríámọ̀ ń gbọ́, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ.

"Irọ́ ni wọ́n pa fún mi," ló wí. "Èmi bí ọmọ, mi ò mọ ohun tó ṣe ọmọ mi." Ó sunkún díẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú. "Ó tó báyìí, Hussein. O ti sọ fún mi. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sínú yàrá yìí. Mo ti darúgbó jù fún ẹ̀sín."

"Ìyá, inú yàrá yìí kọ́ la ti sọ ti àkọ́kọ́."

"Ṣé ìyàwó rẹ ló rán ọ sí mi?"

"Òun ló ní kí n sọ ọ́. Èmi ni mo fún ọmọ náà lẹ́ja, Ìyá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fún un."

Ìyá rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Nígbà tí wọ́n ti kí ìrun Jímọ̀ dé, àwọn ìyàwó ilé jókòó sójúde bí ìṣe wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Hussein ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun ní ọ̀rọ̀ í sọ. Ìyá Kareem ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkọ mi fẹ́ gbéyàwó tuntun nìyẹn!" Hussein dúró, ó ń wo ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Mọ̀ríámọ̀ tó jáde. Ó gbé àga jáde fúnra rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó jókòó, ó sì fi ìborùn bo orí.

Hussein sọ ọ́. Ó sọ pé òun ra ẹja náà, pé òun sè é, pé òun fi í sí ọmọ lẹ́nu, pé òun jókòó wò ó títí ara rẹ̀ fi bó. Ó sọ pé òun pa irọ́ mọ́ Raliat. Ó sọ pé àìsàn náà ti ṣe òun rí, pé ọmọ òun ni. Kò sí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà mọ́.

Ìyá Kareem ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Láti ìgbà tí Ìyá yín ti sọ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ yẹn, a ò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá Ràódàt ṣeré mọ́," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, "Ṣé ìyá ẹ̀ ti gbà láti padà wálé ni?"

"Rárá. Kò ṣèlérí kankan fún mi."

"Bí kò bá wá padà wá ńkọ́?"

Hussein ti ń rò ó láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, kò rí èsì sí i. Méjì nínú àwọn ìyàwó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ọjà nígbà náà, ẹrù wà lórí wọn, wọ́n ń wojú gbogbo èèyàn, wọ́n ń bèèrè pé kí ló dé. Hussein bá wọn sọ ẹrù wọn kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè.

"Èmi ni mo fún ọmọ náà lẹ́ja."